Skimmer tí kò ní pariwo fún táǹkì iyùn inú ilé: èwo ni kí n rà?

OlómiIyọ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá béèrè nǹkan, ẹ má bínú bó bá gùn.

Táǹkì iyùn wa gba 240 lítà, sump abẹ́ rẹ̀ (àpótí omi tí a kó àwọn ẹ̀rọ sí) gba bíi 60. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Ẹja márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: clownfish méjì, goby kan, royal gramma kan àti wrasse kékeré kan. Iyùn ibẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń ṣòro tọ́jú: zoanthid, mushroom, leather kan, hammer kan. Omi náà dáa. Iyọ̀ rẹ̀ wà ní 1.025, ooru rẹ̀ wà ní 25.5 °C, nitrate (èyí tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá) kì í kọjá 10.

Skimmer ni ìyọnu mi, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí inú omi sínú ife kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè gbọ́ bùkátà táǹkì 800 lítà. Ẹni tó tà á fún mi ní bó bá ṣe tóbi tó ni omi ṣe máa mọ́ tó, mo sì gbà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táǹkì ló wà, ògiri kan ṣoṣo ló sì là á láàárín òun àti ibùsùn wa. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́ tí ilé pa rọ́rọ́, àfi bíi pé ẹnìkan ń lọ nǹkan ní yàrá kejì. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ó ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: skimmer wo ló dákẹ́ jù lọ? Mo sì ń rí àwọn tí wọ́n kọ iye dB (ìwọ̀n ariwo) sára páálí wọn. Ṣé ká gba ìyẹn gbọ́?

Ìyá_Clown

Ẹ káàbọ̀, OlómiIyọ̀. Ẹ ra èyí tó ń lo pọ́ǹpù DC, kí ẹ sùn. (DC ni èyí tí ẹ lè yí eré rẹ̀ padà.) Tèmi ti lé ní ọdún méjì, àfi tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fi ń rántí pé ó wà níbẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ ní kó má tíì kó aṣọ tẹ̀lé ìrọ̀rí 😄

Wáyà24

> Ẹ ra èyí tó ń lo pọ́ǹpù DC, kí ẹ sùn

Màmá, ọ̀rọ̀ yín ò burú, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀.

Pọ́ǹpù AC inú skimmer (èyí tó ń lo iná ògiri tààrà), mágínẹ́ẹ̀tì ló wà lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, iná ló sì ń fà á yí. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz (tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), á máa yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, á máa yí ní ìgbà 3600. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. (Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbé pọ́ǹpù 60 Hz sórí iná 50 Hz fi máa ń rò pé wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún òun. Kò bàjẹ́, eré rẹ̀ ló dín kù, afẹ́fẹ́ tó ń fà náà sì dín kù.) Ìró rẹ̀ máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ti iná: 100 tàbí 120 Hz. Ìró abẹ́lẹ̀ ni. Ẹ lè dúró síwájú táǹkì kí ẹ má kà á sí, kó sì jẹ́ pé inú pákó àti ògiri ló ń gbà kọjá lọ bá ẹni tó ń sùn.

Ti DC, ẹ lè dín eré rẹ̀ kù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tó dín kù, afẹ́fẹ́ náà dín kù nìyẹn. Ẹni tó bá ra DC kékeré, tó wá ń lò ó ní 100% tọ̀sán-tòru, ìdákẹ́jẹ́ wo ló rà? Àpótí ìdarí àwọn kan tún máa ń han wíííín bí ẹ̀fọn. Mo dá ọ̀kan padà nítorí ẹ̀fọn yẹn. Àwọn ọmọ mi ló ń gbọ́ ọ, èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ orí ni.

Ní ti dB ara páálí, ẹ wo ibi tí wọ́n dúró sí wọ̀n ọ́n. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ fò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n láti mítà kan àti èyí tí wọ́n wọ̀n láti mítà mẹ́ta, ẹ ò lè fi wọ́n wéra. dB kì í sì í lọ bí ẹ ṣe ń ka owó: bó bá fi 10 lé, etí wa máa gbọ́ ọ bíi pé ariwo náà di méjì. Ẹni tó wọ̀n ọ́n kò sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù yín.

Ìyá_Clown

Ọ̀gá oníná, ẹ ṣeun. Mo ṣì ní DC lẹ̀rọ.

Bàbá_Iyùn

OlómiIyọ̀, má tíì ra nǹkan kan.

Ta ló ń ra oògùn kó tó mọ ibi tó ń dùn ún? Ariwo táǹkì kì í ṣe ẹyọ kan, àgbájọ ni. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ yẹn gan-an, pa iná yàrá, jókòó síwájú rẹ̀, kí o wá sọ fún wa bó ṣe ń dún. Má sọ fún mi pé “ó ń pariwo.” Ṣé hùùùn ni? Ṣé ṣììì ni? Ṣé kẹ́kẹ́kẹ́ ni àbí gbulugbulu? Yorùbá ò fi ìró du ẹnikẹ́ni, kọ ọ́ bí etí rẹ bá ṣe gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, máa pa ẹ̀rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Skimmer ni kí o kọ́kọ́ pa. Fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kọ ohun tó ṣẹ́ kù. Má tíì tan án padà. Pa pọ́ǹpù tó ń gbé omi padà sókè, fetí sílẹ̀, kọ ọ́. Pa àwọn wavemaker (pọ́ǹpù tó ń ru omi inú táǹkì), kọ ọ́. Jọ̀ọ́, kí o tó pa pọ́ǹpù ìgbómi-sókè, rí i pé àyè ṣì wà nínú sump, torí omi inú táǹkì máa ya wálẹ̀ díẹ̀. Tó o bá ti parí, pọ́ǹpù yẹn ni kí o kọ́kọ́ tàn, kí omi sump lọ sílẹ̀ dé ibi tó máa ń wà, kí o tó tan skimmer. Tó o bá tan skimmer nígbà tí omi ṣì ga, gbogbo ẹ̀gbin inú ife rẹ̀ ló máa tú padà sínú omi.

Táǹkì40L

Èmi ò ní skimmer rárá, mo sì ń sùn. Lítà mẹ́rin ni mò ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tán. Kí ló dé tí gbogbo yín ń fi ara yín ṣiṣẹ́?

Wáyà24

> Lítà mẹ́rin ni mò ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Torí pé 40 lítà ni táǹkì rẹ, àbúrò. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tirẹ̀, korobá kékeré gbà á. Ti OlómiIyọ̀, pẹ̀lú sump, á tó 30 lítà omi iyọ̀ tó máa pò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ṣeé ṣe o, àwọn kan ń ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni skimmer ń kó. Afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé ń fún omi ní oxygen, ó sì ń lé carbon dioxide jáde. Ẹja márùn-ún máa mọ ìyàtọ̀.

OlómiIyọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ṣe é lálẹ́ àná. Ìyàwó mi ká mi mọ́ inú òkùnkùn níbi tí mo ti ń sọ “hùùn, ṣììì” sábẹ́ ẹnu, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn padà lọ sùn.

Bàbá, ohun tí mo gbọ́ nìyí. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìró mẹ́rin ló wà. Èkíní ni hùùùùùn, kì í dáwọ́ dúró. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń mọ̀ ọ́n lára, bí mo bá sì fi orúnkún ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra dáadáa, ó máa ń lọ sílẹ̀. Èkejì ni ṣììììì, bí ẹni tó ń fa atẹ́gùn láàárín eyín. Ẹ̀kẹta ni kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, ó máa ń wá fún ìgbà díẹ̀, á dákẹ́, á tún padà wá. Ìkẹrin ni gbulugbulugbulu, á máa ròkè díẹ̀díẹ̀, á wá parí sí gbọ̀ọ̀ọ̀. Ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo pa skimmer: èkejì àti ẹ̀kẹta lọ, èkíní kù díẹ̀. Ìkẹrin dúró digbí! Mo pa pọ́ǹpù ìgbómi-sókè: ìkẹrin lọ, ilé dákẹ́ bíi pé iná lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìkẹrin yẹn gan-an ló máa ń jí mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bú skimmer lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Bàbá_Iyùn

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó dáa tó ò tíì ra nǹkan. Jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ èyí tó burú jù.

Gbulugbulu tó ń parí sí gbọ̀ọ̀ọ̀: páìpù tó ń gbé omi bọ̀ láti táǹkì sínú sump ni. Omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń gba inú rẹ̀, wọ́n ń jà lọ́nà. Páìpù tó kún fún omi kì í sọ̀rọ̀. Èyí tó ní afẹ́fẹ́ nínú ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń ròkè tó sì ń já gbọ̀ọ̀, ńṣe ni omi ń kún páìpù, tó ń fa ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tún já a. Tó bá jẹ́ páìpù kan ṣoṣo lo ní, ìgbékalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Durso máa dín in kù: páìpù náà ga, orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n sì lu ihò kékeré sókè rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé wẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ páìpù méjì lo ní, Herbie ló dáa. Ọ̀kan á ní fáàfù, wàá máa dín fáàfù náà títí omi fi máa kún inú páìpù náà láìsí afẹ́fẹ́ kankan. Èkejì á ga ju omi lọ, ojú kò ní máa rí omi nínú rẹ̀ àyàfi tí ìgbín tàbí ewé bá dí èkíní. Má ṣe ti fáàfù mọ́ páìpù tí kò ní ẹnìkejì. Mo tún un sọ: má ṣe é. Ọjọ́ tó bá dí, orí kápẹ́tì ni omi ń lọ. Àwọn tó ní páìpù mẹ́ta ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní BeanAnimal, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mẹ́ta kò ní wá béèrè ọ̀rọ̀ yìí.

Wo ẹnu páìpù náà nínú sump pẹ̀lú. Kó wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ga ju omi lọ, á máa dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Bó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde, á tún máa pọ̀ ọ́ jáde lójijì.

Hùùùn: ara pọ́ǹpù ló ń gbọ̀n, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ ló wá di ìlù. Ìwọ fúnra rẹ ti rí ìdáhùn rẹ̀, o ní bó o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń rẹlẹ̀. Lẹ́ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ń kan férémù. Gbé skimmer sórí sílíkóònì rírọ̀, kí ó má fara kan gíláàsì sump níbikíbi. Wáyà àti róbà afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà, má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti pákó. Ìwọ á rò pé róbà tín-ínrín kò lè gbé ìró; ó ń gbé e. Hùn kékeré tó kù nígbà tó o pa skimmer, ti pọ́ǹpù ìgbómi-sókè ni, oògùn kan náà ló ń wò ó.

Ṣììì: ẹnu ibi tí skimmer ti ń fa afẹ́fẹ́. Silencer, ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu róbà afẹ́fẹ́ láti dín ìró kù, ló ń pa á lẹ́nu. Bó bá ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, iyọ̀ lè ti gbẹ mọ́ ọn. Bó ò bá ní, róbà tó gùn díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá ṣeé ṣe kí ẹnu róbà náà dé ìta ilé, pH omi rẹ á tún gbé sókè díẹ̀ (ìyẹn ni pé kíkan omi á dín kù), torí afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n tì pa máa ń kún fún carbon dioxide.

Kẹ́kẹ́kẹ́: abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù ni. Ìgbà wo lo tú u fọ̀ kẹ́yìn?

OlómiIyọ̀

> Ìgbà wo lo tú u fọ̀ kẹ́yìn?

…Ṣé wọ́n máa ń tú u ni?

Bàbá_Iyùn

😂 Tú u. Calcium inú omi iyọ̀ máa ń dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ àti mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹfun. Kó má bàa sọ̀rọ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni kó máa ríwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pò fínígà pẹ̀lú omi lọ́gbọọgba, rì í síbẹ̀ títí yóò fi dẹ́kun hó, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ọ́, fi omi tó dáa ṣàn án. Ọ̀pá tín-ínrín tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lé lórí, sẹ̀rámíìkì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó ń kán bí ẹyin ń fọ́. Rọra fà á yọ. Wo àwọn rọ́bà kékeré orí àti ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti jẹ, abẹ̀bẹ̀ á máa gbọ̀n kiri.

ẸjaDídán

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un kí ẹlòmíì má bàa ṣe é. Mo gbọ́ ṣììì yẹn títí ó sú mi, ni mo bá ki fóòmù bọ ẹnu róbà afẹ́fẹ́. Ilé dákẹ́ lóòótọ́! Mo yọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ife ìdọ̀tí gbẹ táútáú, gíláàsì táǹkì sì ti di ewéko. Skimmer tí kò rí afẹ́fẹ́ fà, pọ́ǹpù lásán tó ń yí omi po ni.

Wáyà24

Mo fọwọ́ sí i. Mo sì fẹ́ fi kún un pé bí ṣììì bá ṣàdédé yí padà, tó tín-ínrín sí i tàbí tó ń súfèé, iyọ̀ ló ń dí ojú ihò tó ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ ki ẹnu róbà sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò níyọ̀, ẹ jẹ́ kó fà á mu nígbà tí pọ́ǹpù ṣì ń yí. Oṣooṣù ni mò ń ṣe tèmi.

TimerAlẹ́

Ẹ̀yin ará, kí ló ṣe tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tó rọrùn jù? Mo so tèmi mọ́ timer: aago mẹ́wàá alẹ́ ó kú, aago mẹ́fà àárọ̀ ó jí. Ọdún kan rèé, ẹja mi ò kú.

Bàbá_Iyùn

> aago mẹ́wàá alẹ́ ó kú

Alẹ́ gan-an ni ẹja nílò rẹ̀ jù, ọmọ mi. Lọ́sàn-án, ewéko àti èyí tó ń gbé inú ara iyùn ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oxygen. Bí iná bá ti kú, wọ́n dẹ́kun, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí èyí tó wà nílẹ̀. Oxygen ń lọ sílẹ̀ títí di ìdájí, pH ń bá a lọ. Wákàtí yẹn lo pa ẹ̀rọ tó ń fún omi lẹ́mìí.

TimerAlẹ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ojú omi mi ń ru gan-an, wavemaker méjì ló dojú kọ ọ́. Ẹja mẹ́ta ni mo ní. Bó bá jẹ́ pé oxygen ń tán ni, wọn ì bá ti máa gbé ẹnu sójú omi láàárọ̀.

Bàbá_Iyùn

Bí ojú omi bá ń ru bẹ́ẹ̀ tí ẹja sì kéré, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n má gba ẹni tí o ò tíì rí táǹkì rẹ̀ nímọ̀ràn yẹn. Skimmer tí wọ́n ń pa tí wọ́n ń tàn sì máa ń ṣe ségesège nígbà míì: ìfófó inú ọrùn rẹ̀ á wó lulẹ̀, ní àárọ̀ á wá gùn lójijì.

TimerAlẹ́

Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní purọ́.

OlómiIyọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ìròyìn kékeré: mo tú pọ́ǹpù. Ẹfun tó wà lára rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Kẹ́kẹ́kẹ́ ti lọ pátápátá. Páìpù méjì ni mo ní, ẹni tó to táǹkì náà fún mi so méjèèjì pọ̀ bákan náà láìní fáàfù. Mo ti ń ṣe Herbie báyìí. Ṣùgbọ́n hùùn ṣì wà bí mo tilẹ̀ ti gbé e sórí sílíkóònì, ìfófó rẹ̀ náà kò sì fìgbà kan dúró déédéé rí: ọjọ́ kan á wá, ọjọ́ mẹ́ta á ṣàfẹ́kù. Ẹ ò rò pé ó yẹ kí n ṣì pààrọ̀ rẹ̀?

Bàbá_Iyùn

Ó yẹ, àmọ́ kì í ṣe nítorí hùùn nìkan. Ó tóbi jù fún ọ.

Wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdọ̀tí tó ń yòrò sínú omi (ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, ikun yíyọ̀ tó ń jáde lára iyùn), púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń sá fún omi. Bí hóró afẹ́fẹ́ wínníwínní bá ń gòkè, ẹ̀gbẹ́ yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdọ̀tí yẹn náà ló ń sọ hóró afẹ́fẹ́ di ìfófó tí kì í tètè fọ́, tó fi lè gun ọrùn skimmer dé inú ife. Bí ìdọ̀tí ò bá tó, ìfófó ò lágbára, á wó kó tó dé òkè. Ọrùn skimmer rẹ fẹ̀ fún ìdọ̀tí ẹja ogún. Ẹja márùn-ún kékeré lo ní. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ tó o bá bọ́ wọn dáadáa ló ń rí nǹkan kó.

Nítorí náà, má wo lítà tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń kọ iye tó pọ̀ jù, fún táǹkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹja. Wá èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ nǹkan bíi 300 sí 400 lítà sí. Pọ́ǹpù kékeré, ìró kékeré. Ìwọ̀nba ni gbogbo ọ̀rọ̀ skimmer tó dákẹ́.

Wáyà24

Ẹ tún wo ìjìnlẹ̀ omi inú sump yín níbi tí skimmer á ti dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ láti 15 sí 23 sẹ̀ǹtímítà, ìwé tó bá a wá máa sọ èyí tó fẹ́ gan-an. Bí omi ò bá tó, ibi tó ń tú omi jáde á yọ síta, á máa dà ṣọ̀ọ̀. Bó bá jìn jù, ìfófó á máa ṣàn bí omi. Ẹ gé pákó ìjókòó rẹ̀ láti ara acrylic (ike tó le) bó bá jìn. Kí omi ibẹ̀ má sì máa lọ sókè sódò bí omi ṣe ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ògiri gíláàsì sump dá a dúró, kí ẹ̀rọ tó ń fi omi tí kò níyọ̀ dípò èyí tó gbẹ fúnra rẹ̀ sì máa fi kún apá tó kù.

Ní ti orúkọ, mi ò fẹ́ polówó, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá pọ́ǹpù inú rẹ̀ ṣeé rí rà lọ́tọ̀. Sicce ti Itálì ń ṣe pọ́ǹpù fún skimmer, ẹ sì lè rí ohun ìpààrọ̀ rẹ̀. Tunze, Deltec àti Nyos, Jámánì ni gbogbo wọn ti wá, àwọn tó ní wọn kì í sábà ráhùn lórí ariwo. Èyí tí a kì í rí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ rà, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́ ló di ẹrù.

Ìyá_Clown

Kí ó sì jẹ́ DC. Mi ò yí ẹnu padà 😄

Wáyà24

Fún ti ẹni tó ní ògiri kan láàárín ẹ̀rọ àti ibùsùn, mo gbà fún yín lọ́tẹ̀ yìí, Màmá. Kó ra èyí tí 60% eré rẹ̀ máa tó o.

OlómiIyọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe rí, torí inú máa ń bí mi tí mo bá ka irú ọ̀rọ̀ báyìí tí ẹni tó béèrè á sì sá lọ.

Herbie ti parí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yí fáàfù ní ìwọ̀n irun. Ó dákẹ́ débi pé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo dìde lọ wò ó bóyá omi ṣì ń ṣàn.

Mo ra skimmer DC tó jẹ́ ti 350 lítà, ó ń jẹ wáàtì 9 ní eré tí mo fi í sí. Sẹ̀ǹtímítà 18 ni omi ibẹ̀, bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìrònú dé bá mi: ìfófó rẹ̀ kò ju omi ọṣẹ lọ, ó ń ṣàn bọ́ sínú ife láìdúró. Mo fẹ́ máa yí gbogbo nǹkan, mo wá rántí pé ẹnìkan ti sọ níbí rí pé ẹ̀rọ tuntun ní láti kọ́kọ́ bó epo ilé iṣẹ́ kúrò lára. Mo fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ohun dúdú bíi tíì tó ti ṣá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ife, òórùn rẹ̀… ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn kò tíì ṣàfẹ́kù lọ́jọ́ kan.

Ìrọ̀rí ti padà sí ibi tó yẹ.

ẸjaDídán

Ẹ kú oríire! Ẹ má fi epo ìpara sọ́wọ́ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ táǹkì o. Ìfófó yẹn á wó fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

OlómiIyọ̀

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti tú pọ́ǹpù kí n tó mọ̀ pé ìpara mi ni.

Ìyá_Clown

Ẹ̀yin ará, mo ní ìjẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí n pa iná lálẹ́ àná, mo jókòó síwájú tèmi bí Bàbá ṣe ní ká ṣe. Kẹ́kẹ́kẹ́ wà níbẹ̀. Kò lágbára, àmọ́ ó wà.

Bàbá_Iyùn

O ní ó ti lé ní ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti fọ pọ́ǹpù rẹ̀?

Ìyá_Clown

Ó ti wà nínú fínígà báyìí, Bàbá. Ẹ má bi mí ní nǹkan mìíì.